Aṣòfin tí kò díje tó sì di gómìnà: àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Rivers, 2007

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2007 ni wọ́n dìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Abuja sọ pé ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn olùdíje lọ́jọ́ ìdìbò yẹn ni gómìnà tòótọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún un. Títí di ọjọ́ tí ìdájọ́ náà jáde, ipò kan ṣoṣo tí ará ìlú tíì dìbò yàn án sí ni ti aṣòfin ìpínlẹ̀.

Àwọn tí mò ń kọ èyí fún ni àwọn tí ìdíje jẹ́ iṣẹ́ wọn: ẹni tó fẹ́ dupò ní ilé aṣòfin, àwọn tó ń bá a ṣètò, àti lọ́yà tí wọ́n máa ń pè ní òru nígbà tí nǹkan bá ti dàrú. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Ẹni tó mọ ìtàn á dá a mọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n ṣì lè kọ́ iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé oríire ló bá a, pé àwọn adájọ́ kàn ṣojúure sí i ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá to àwọn ọjọ́ inú ẹjọ́ náà ní ẹsẹẹsẹ, a ó rí i pé ìwé tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tó fi gba ilé ẹjọ́ lọ ló mú un débẹ̀.

Ilé aṣòfin ló ti mú agbára jáde

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Lẹ́yìn náà ló ṣe olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún igbákejì gómìnà ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní 1999, ọ̀gá rẹ̀ yẹn di gómìnà lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú PDP, òun náà sì wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti agbègbè Ikwerre. Kò tíì pé ọmọ ọdún 35.

Aṣòfin 32 ló wà ní ilé náà. Wọ́n fi í ṣe abẹnugan, ó sì wà lórí àga yẹn fún sáà méjì gbáko, láti 1999 dé 2007. Láàárín ìgbà yẹn, ó tún ṣe alága àwọn abẹnugan gbogbo ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń fo apá yìí bọ́ sórí ẹjọ́. Ìwé Òfin 1999 gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin láyè láti yọ abẹnugan wọn. Ní ilé tó ní ènìyàn 32, 22 ni ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lórí àga bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú inú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dùn, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gómìnà máa fura sí i. Ọ̀pọ̀ ilé aṣòfin ní orílẹ̀-èdè yìí ni abẹnugan ti ń lọ tí òmíràn ń bọ̀ láàárín sáà kan ṣoṣo. Ẹni tó lo ọdún mẹ́jọ ti kọ́ bí a ṣe ń ka orí ènìyàn kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀.

Àga yẹn tún sọ ọ́ di ojúlùmọ̀ àwọn ènìyàn tó ń pinnu ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje rẹ̀. Alága wọ́ọ̀dù, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, káńsẹ́lọ̀, alága káńsù, gbogbo wọn ló máa ń wá sọ́dọ̀ aṣòfin wọn fún ọ̀rọ̀ afárá, owó ilé ìwé, iṣẹ́ fún ọmọ. Ọ̀dọ̀ abẹnugan ni ọ̀rọ̀ aṣòfin fúnra rẹ̀ sì ń já sí. Nígbà tí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá wá di dẹ́lígéètì, ìyẹn aṣojú tó ń dìbò abẹ́lé, ẹni tó ti ń dá wọn lóhùn láti ọdún mẹ́jọ ni ojú wọn ń wò kó tó kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé owó dé láti Abuja.

Ó hàn nínú ìdìbò abẹ́lé PDP ní oṣù Kejìlá 2006. Olùdíje 8 ló jáde. Nínú ìbò 6,575, òun nìkan kó 6,527. Ìbò 48 ló ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ẹgbẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò. Òfin Ìdìbò 2006 sọ pé orúkọ olùdíje gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ INEC ó kéré tán ọjọ́ 120 ṣáájú ìdìbò. Ọjọ́ 121 ni ẹgbẹ́ fi sílẹ̀.

Èrò mi lórí ìbò 6,527 yìí ni pé kò yẹ kó dá ẹnikẹ́ni lójú lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Bí ìbò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo báyìí, bàbá ìsàlẹ̀ ti fọwọ́ sí i nìyẹn, bàbá ìsàlẹ̀ sì lè gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí INEC, iye yẹn kúrò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí yàrá gbà padà. Ó ti di ẹ̀rí.

"Àṣìṣe ni"

Kò pẹ́ rárá tí afẹ́fẹ́ fi yí. Ààrẹ ìgbà náà sọ ní gbangba ní Port Harcourt pé ọ̀rọ̀ olùdíje yìí ní "k-leg", ìyẹn ni pé ó ní àbùkù. Gbogbo ẹni tó ń ṣe òṣèlú ní Nàìjíríà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2007, ẹgbẹ́ kọ̀wé sí INEC pé àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀, pé ẹlòmíràn ni olùdíje àwọn. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò sí nínú àwọn 8 tó jáde fún ìdìbò abẹ́lé. Ìbátan rẹ̀ ni. Ìdí tí ẹgbẹ́ kọ sínú ìwé náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: àṣìṣe ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n fi orúkọ ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́.

Ní ti àkókò, ẹgbẹ́ kò rú òfin. Abala 34 òfin 2006 gbà kí ẹgbẹ́ pààrọ̀ olùdíje bó bá ṣe é ní ó kéré tán ọjọ́ 60 ṣáájú ìdìbò, ọjọ́ 71 ló sì wà láàárín ìwé yẹn àti ìdìbò. Abala kan náà ló wá ní gbólóhùn kejì tí kò sí nínú òfin tó ṣáájú rẹ̀: ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tó sì ṣeé wádìí. Àwọn tó ṣòfin fi gbólóhùn yẹn sí i nítorí ohun tí ojú olùdíje ti rí ṣáájú, nígbà tí ẹgbẹ́ lè jí lówùúrọ̀ kó sì fi orúkọ ẹlòmíràn sí i láìsọ ìdí kankan.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fàlà sí wà ṣáájú ọjọ́ ìpààrọ̀ yẹn. Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ni ọkùnrin yìí ti gba Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ku kí ẹgbẹ́ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti gbúròó ohun tó ń bọ̀, kò sì dúró kó dé. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún un. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ ìwé ìpààrọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ olùdíje ti wà níwájú adájọ́, òfin kò sì fẹ́ràn kí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ máa yí ohun tí ẹjọ́ dá lé lórí padà nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ohun kejì tún wà: ẹjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìdìbò ni. Títí dé òpin, àwọn alátakò rẹ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé ìdìbò ti kọjá, pé ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò ni kó lọ. Bó bá lọ síbẹ̀, wọn ì bá sọ fún un pé kò díje, kí ló wá ṣe? Kò sí ọ̀nà mìíràn fún un ju ẹjọ́ tó gbé sílẹ̀ ní oṣù Kìíní yẹn lọ.

Mo mọ àwọn olùdíje ilé aṣòfin tí ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀ ju ti ọkùnrin yìí lọ, tí wọ́n sì pàdánù nítorí pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, àwọn yóò bá wọn yanjú rẹ̀ nínú ilé. Ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn máa ń dùn létí. Ó sì máa ń jẹ ọjọ́.

Oṣù mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́

Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ẹjọ́ ní àárín oṣù Kẹta, kò sì fún un ní ohun tó béèrè. Ó gba ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹlòmíràn ló ń ṣe ìpolongo pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ tí òun gba ìbò abẹ́lé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tí kò dárúkọ Rivers rárá. Wọ́n dá ẹjọ́ senátọ̀ kan láti Imo tí PDP ṣe irú nǹkan kan náà sí: ó gba ìdìbò abẹ́lé fún gómìnà, wọ́n fi ẹni tí ó jìnnà sí i gan-an nínú ìbò rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì kọ "àṣìṣe" sínú ìwé. Ilé ẹjọ́ ní àṣìṣe lásán kò tó ìdí. Ẹgbẹ́ tó ní òun ṣe àṣìṣe gbọ́dọ̀ sọ àṣìṣe wo ni, kí ẹlòmíràn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó yẹ kí inú senátọ̀ yẹn dùn, ìdìbò ku ọjọ́ 9. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwọn adarí PDP jáde ní àwọn kò ní olùdíje gómìnà ní Imo. Olùdíje ẹgbẹ́ PPA ló wọlé níbẹ̀. Senátọ̀ náà gba ìdájọ́, kò gba ìjókòó.

Mo máa ń fi àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nígbà tí mo bá ń bá olùdíje sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ tí ti Imo gbà tètè dé fún ẹgbẹ́ láti gbẹ̀san kí ìdìbò tó wáyé. Ìdájọ́ ti Rivers dé lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, tó ti náwó, tó ti kó ìbò jọ, tó sì ti wọlé, gbogbo rẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó lè ṣètò irú èyí, kò sì yẹ kí lọ́yà kankan ta á fún oníbàárà rẹ̀ bí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ìdí tí ìdájọ́ kan náà fi so èso ní ìpínlẹ̀ kan tí kò so ní èkejì.

Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹgbẹ́ lé e jáde. Ìgbésẹ̀ yìí ní ọgbọ́n ìkà nínú: bí kò bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́, báwo ló ṣe máa jẹ́ olùdíje ẹgbẹ́? Ọ̀rọ̀ yìí dí ẹjọ́ náà lọ́wọ́ ní kòtẹ́milọ́rùn títí ìdìbò fi kọjá. Wọ́n búra fún ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Ọkùnrin tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ ti sá lọ sí Ghana. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń pè é ní ọ̀gá láti ọdún mẹ́jọ ti ń lọ kí gómìnà tuntun. Nínú oṣù Karùn-ún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà padà sí kòtẹ́milọ́rùn pé kí wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe yẹ. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní oṣù Keje. Ó tún padà sókè.

Ibí yìí ni mo ti ń yẹ́ ọkùnrin náà sí, ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa òṣèlú rẹ̀. Ìgbà méjì ni ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ ti lé e, ẹlòmíràn ti ń jókòó lórí àga pẹ̀lú gbogbo agbára ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń gbé káàkiri: ṣé ẹgbẹ́ sọ ìdí tó ṣeé wádìí, àbí kò sọ? Ẹgbẹ́ gbìyànjú láti mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn ìwà àjẹbánu wọ inú ẹjọ́ náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú ìwé ìpààrọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni àṣìṣe, àṣìṣe náà ni wọ́n sì ní láti gbèjà.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá

Adájọ́ méje ló jókòó, ohùn wọn ṣọ̀kan. Wọ́n kéde ìdájọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi àlàyé kíkún sí ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2008. Adájọ́ Oguntade ló kọ ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn yòókù fara mọ́.

Apá kan rọrùn: nígbà tí ìdí kò bá òfin mu, ìpààrọ̀ kò wáyé. Lójú òfin, ọkùnrin náà kò fìgbà kan kúrò ní olùdíje láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá. Apá kejì ló gbọn orílẹ̀-èdè tìtì. Ilé ẹjọ́ ṣí Ìwé Òfin sí abala 221, tó sọ pé kò sí ẹgbẹ́ kankan tó lè tọrọ ìbò fún olùdíje bí kò ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Nàìjíríà kò gba olùdíje tó dá dúró. Nítorí náà, wọ́n ní ẹgbẹ́ ni ará ìlú ń dìbò fún, ẹgbẹ́ ló ń borí, ẹgbẹ́ ló ń fìdí rẹmi. PDP ló borí ní Rivers. Ta wá ni olùdíje PDP? Wọ́n ti dáhùn ìyẹn tán.

Àtúndìbò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọn yóò pàṣẹ. Ilé ẹjọ́ kọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá rán ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ padà sí pápá láti lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, nígbà tí ẹni tó jàǹfààní ìrẹ́jẹ ti lo oṣù márùn-ún lórí àga, a jẹ́ pé àwọn kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Wọ́n ní kí wọ́n búra fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìdájọ́ yìí ṣì ń bí ènìyàn nínú títí dòní, mo sì lóye ìdí rẹ̀. Ará Rivers tó tò sórí ìlà ní oṣù Kẹrin gbọ́ orúkọ kan nínú ìpolongo, ó sì rí ẹlòmíràn ní ilé ìjọba ní oṣù Kẹwàá. Lórí bébà ìdìbò wa, àmì ẹgbẹ́ ni ènìyàn ń tẹ̀ka sí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan ní ọjà tí yóò sọ fún yín pé àmì lásán lòun dìbò fún. Lójú tèmi, ilé ẹjọ́ tọ̀nà pé òun ni olùdíje. Pé kí ìbò tí wọ́n dì fún ẹlòmíràn di tirẹ̀, ìyẹn wúwo, ó sì yẹ kó máa dá wa lọ́kàn rú. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló dá ìṣòro náà sílẹ̀, ará ìlú ni kò sí ẹni tó béèrè èrò rẹ̀.

Ní 2011, ó lọ bá ará ìlú fúnra rẹ̀, wọ́n dìbò fún un, ó ṣe sáà kejì. Ohun kan nínú sáà yẹn kan iṣẹ́ wa: nígbà tí òun àti àwọn aláṣẹ ní Abuja kọlu ara wọn ní 2013, ilé aṣòfin tó ti ṣe abẹnugan rẹ̀ ni ìjà náà ti bẹ́ sílẹ̀. Aṣòfin 5 nínú 32 ní àwọn ti yọ abẹnugan tó wà níbẹ̀, ìjà sì ṣẹlẹ̀ nínú ìyẹ̀wù ilé. Ìgbìyànjú wọn kò yọrí sí rere. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni gómìnà náà fi PDP sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ APC.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti pa dé

Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹjọ́ yìí bí àwòkọ́ṣe lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn tó ń ṣòfin kò fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀. Òfin Ìdìbò 2010, ní abala 141, sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ kéde ẹni tí kò kópa nínú gbogbo ìpele ìdìbò pé òun ló wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣàtúnṣe Ìwé Òfin ní 2018, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú rẹ̀ gan-an, abala 285, ẹsẹ 13.

Ìdí mìíràn tí ilé ẹjọ́ gbé ìdájọ́ náà lé, pé ẹgbẹ́ ló ni ìbò, ṣì wà láàyè, ó sì ń gbé ènìyàn ga, ó ń rẹ ẹlòmíràn sílẹ̀. Ní Kogi, olùdíje APC kú ní oṣù Kọkànlá 2015 kí wọ́n tó parí ìdìbò gómìnà. Igbákejì tó bá a díje láti ìbẹ̀rẹ̀ ní òun ló kàn. Ẹgbẹ́ mú ẹni tó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò gba ẹ̀bẹ̀ igbákejì náà ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Bí ìbò bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹni tó sáré gbogbo ìpolongo lè má ní ìpín nínú rẹ̀. Ní Zamfara ní 2019, ẹgbẹ́ kan náà kó ìbò jọ láti òkè délẹ̀, àti ti gómìnà àti ti ilé aṣòfin. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ márùn-ún péré kí wọ́n búra, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní APC kò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu níbẹ̀, nítorí náà gbogbo ìbò wọn di asán. Àwọn aṣòfin tí wọ́n ti rán aṣọ ìbúra padà sílé. Ẹjọ́ Rivers fi hàn pé ìdìbò abẹ́lé tó mọ́ lè gbé ènìyàn dé ipò láìsí lórí pápá; Zamfara fi hàn pé láìsí i, ẹni tó borí lórí pápá kò ní nǹkan kan.

Nígbà tí Òfin Ìdìbò 2022 jáde, ó tún gba ọ̀pá kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Lábẹ́ abala 33 rẹ̀, ẹgbẹ́ kò lè pààrọ̀ olùdíje mọ́ àyàfi bó bá kú tàbí bó bá fúnra rẹ̀ juwọ́ sílẹ̀, ìdìbò abẹ́lé tuntun sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọjọ́ 14. Abala 31 òfin yẹn ní ìwé ìjuwọ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù olùdíje, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ "àṣìṣe" ti kú. Ibi tí mo ń bẹ̀rù fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń dupò ilé aṣòfin báyìí ni ìwé ìjuwọ́sílẹ̀ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i ṣáájú ìdìbò abẹ́lé gẹ́gẹ́ bí àmì ìtẹríba, láìkọ ọjọ́ sí i, ẹ ti fún un ní agbára tí òfin gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìfohùnṣọ̀kan: abala 84 òfin 2022 gbà kí ẹgbẹ́ mú ẹnì kan láìdìbò, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tó sì kúnjú ìwọ̀n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà. Ìwé tí ẹ kò kọ yẹn ni ẹ̀tọ́ yín. Wọn a máa bẹ̀ yín fún un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, àgbà ìlú á sì máa pè yín lórí fóònù ní òru.

Ní ti àkókò, nǹkan ti le ju ti 2007 lọ. Abala 285, ẹsẹ 9, fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ọjọ́ 14 péré láti ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀ láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 180 láti dá a, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 14 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí ìyẹn láàárín ọjọ́ 60. Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú ọjọ́ 14 yẹn. Bí ìpàdé ìlàjà bá gba ọ̀sẹ̀ kan, tí lọ́yà sì gba ọjọ́ mẹ́rin láti wá ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ìdí nìyí tí ìwé fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ìjà tó dé. Ní 2007, iye ìbò 6,527 nínú 6,575 kò ní àríyànjiyàn nínú, nítorí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé irú oore bẹ́ẹ̀. Òfin 2022 ní kí ẹgbẹ́ sọ fún INEC ní ọjọ́ 21 ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, INEC sì máa ń rán àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ. Ìjábọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni adájọ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ẹni méjì bá gbé èsì méjì wá. Bí ìdìbò abẹ́lé bá wáyé ní Sátidé, kí lẹ́tà tí ẹ fi ń béèrè ẹ̀dà ìjábọ̀ náà tó ní òǹtẹ̀ ti wà ní ọ́fíìsì INEC ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wọlé, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ mú padà sílé.